Bí Má-tíì-lọ Aránbàtà Ṣe Yan Linux

"Má tíì lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ẹni tó bá wọ bàtà tuntun nínú ṣọ́ọ̀bù aránbàtà náà máa ń gbọ́ kó tó na ọwọ́ sí ìlẹ̀kùn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni o, awakọ̀ ni o, kò sẹ́ni tí kì í gbọ́ ọ. Aránbàtà á tọ́ka sí kápẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ẹnu ọ̀nà lọ dé ògiri ẹ̀yìn, á ní kí oníbàárà rìn ín lọ, kó rìn ín bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá gbáko. Òun fúnra rẹ̀ á jókòó sórí àpótí, á tẹ orí sílẹ̀, á máa wo gìgísẹ̀. Bó o bá ń kánjú, ìwọ lo mọ̀. Ọkùnrin kan fi ìbínú jáde lọ́dún kan, ó ní òun kì í ṣe ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé ẹsẹ̀ tó ti bó padà wá.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Má-tíì-lọ. Ó ti ń jẹ́ ẹ tipẹ́, kò sì bí i nínú mọ́.

Bàtà tó ń rán kì í ṣe bàtà ojú ọjà. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kan gùn ju èkejì lọ, àwọn tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn tí ìka ẹsẹ̀ wọn ká kò, àwọn ló ń rán an fún. Kò sí bàtà méjì tó jọra nínú ṣọ́ọ̀bù náà, àní ọ̀tún àti òsì ẹnì kan ṣoṣo lè má jọra. Nítorí náà, ìwọ̀n ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà kan tó dúró sí kọ̀rọ̀ ni ìwọ̀n náà wà, èyí tí erukuru awọ ti sọ funfun ara rẹ̀ di nǹkan mìíràn. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọdún mọ́kànlá ló wà níbẹ̀: gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀, gíga ọrùn ẹsẹ̀, àti àwòrán ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe tóbi gẹ́lẹ́. Àwòrán yìí ni wọ́n máa ń tẹ̀ jáde sórí ìwé, tí Má-tíì-lọ á fi gé awọ.

Má-tíì-lọ kì í tẹ kíìbọọ̀dù. Ìka rẹ̀ ti le jù, bọ́tìnnì mẹ́ta ló ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òun á wọn ẹsẹ̀, á máa pe nọ́ńbà sókè. Ìyàwó rẹ̀ á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, á máa tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ti wọlé.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ìkìlọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú kọ̀ǹpútà láràárọ̀. Ó ní ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà ti darúgbó, pé àwọn tó ṣe é kò ní fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i mọ́, àti pé ẹ̀rọ náà kò lágbára tó láti gba ètò tuntun wọn.

"Kí ló wí?" Má-tíì-lọ máa ń bi ìyàwó rẹ̀.

"Ohun tó wí lánàá náà ni."

"Pa á dé, jàre."

Á sì pa á dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pa á dé títí di ọjọ́ tí fáírọ́ọ̀sì wọ kọ̀ǹpútà onífọ́tò tó wà ní òdìkejì òpópónà, tí gbogbo fọ́tò tó ti yà láti ọdún márùn-ún di ohun tí kò ṣeé ṣí mọ́. Onífọ́tò náà wá jókòó sórí àpótí Má-tíì-lọ. Nígbà tó fẹ́ dìde, ó ní, "Ẹ̀rọ tèmi náà ń kìlọ̀ fún mi. Mo ń pa á dé ni." Ẹ̀rù ba Má-tíì-lọ gidigidi. Ọjọ́ yẹn gan-an ló ránṣẹ́ pe àbúrò ìyàwó rẹ̀.

Iṣẹ́ títún fóònù ṣe ni àbúrò ìyàwó yìí ń ṣe. Ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá-Ẹ̀rọ ló sọ ara rẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì ń bá a pè é bẹ́ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà gùn. Ó wo kọ̀ǹpútà náà yí ká, ó fẹ́ erukuru orí rẹ̀, ó sín.

"Ẹ̀gbọ́n, ara ẹ̀rọ yìí ṣì le. Ètò inú ẹ̀ ló gbó. Linux la máa fi sí i."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà ni, bíi èyí tó wà nínú ẹ̀ báyìí. Àmọ́ ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ń ṣe é ò sì dáwọ́ àtúnṣe ẹ̀ dúró. Á sọ ẹ̀rọ yìí di ọ̀dọ́ padà."

Kò parọ́. Títí débẹ̀, òótọ́ ló ń sọ. Orí ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

"Ṣé irú kan ṣoṣo ló wà?"

"Rárá o. Ẹ̀yà ẹ̀ pọ̀ jántìrẹrẹ. Àmọ́ ẹ má da ara yín láàmú. Èyí tí èmi ń lò ni mo máa fún yín. Ògidì ni. Àwọn tó mọ nǹkan nìkan ló ń lò ó."

Ó ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀ fún wọn. Ojú rẹ̀ dúdú kirimú, àwọn lẹ́tà wẹẹrẹ sì ń sáré gòkè lórí rẹ̀. Kò sí àwòrán, kò sí bọ́tìnnì tí ènìyàn lè tẹ̀. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan, ogún ìlà jáde.

Ìyàwó Má-tíì-lọ na ọrùn wò ó. "Níbo ni mo ti máa rí àwọn ẹsẹ̀ mi níbẹ̀?"

"Sìsítà mi, ẹ máa kọ́ ọ ni. Bí ogójì ọ̀rọ̀ péré lẹ máa há sórí."

"Ogójì."

"Fún ìbẹ̀rẹ̀."

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀. Ojú dúdú yẹn ni ọkọ rẹ̀ ń wò tìyanutìyanu. Ohun tó bá le ló máa ń wù ú, ì báà jẹ́ awọ, ì báà jẹ́ okùn. Lọ́kàn tirẹ̀, bí ètò kan bá ṣòro tó báyìí, ta ló máa lè já wọ inú rẹ̀? Ó ní kí Ọ̀gá-Ẹ̀rọ máa bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣe "hùn", ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti jọ wà. Má-tíì-lọ mọ ohun tí "hùn" yẹn túmọ̀ sí, ó kàn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí Ọ̀gá-Ẹ̀rọ tó dé, fóònù dún. Ìyá ọmọbìnrin kan ló pè. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ náà, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta ni Má-tíì-lọ ti ń rán bàtà fún un. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó máa ń wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì máa ń kọ bí ọ̀kan ṣe kúrú sí èkejì sílẹ̀.

"Bàbá, dókítà egungun fẹ́ pinnu bóyá kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un," ìyá náà wí. "Ó ní bí ìyàtọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń pọ̀ sí i, àfi kí wọ́n ṣe é lọ́dún yìí. Bó bá dúró sójú kan, àwọn á ṣì mú sùúrù. Ìwọ̀n ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló fẹ́ rí, ọ̀dọ̀ yín nìkan ló sì wà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa lọ bá a."

"Kò sí wàhálà. Ẹ wá mú un lọ́jọ́ Ajé. A fẹ́ yí ètò kọ̀ǹpútà padà lónìí, bó bá ti parí la máa tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín."

Ìyàwó rẹ̀ ti lọ ra okùn ìránbàtà nígbà tí Ọ̀gá-Ẹ̀rọ wọlé. Ó ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, ó pa á, ó tún un tàn. Kò pẹ́ tí ojú dúdú fi yọ. Ó tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún. Má-tíì-lọ káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò ó.

Ìlẹ̀kùn ṣí, Àǹtí Oníwèé wọlé. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà méjì kúrú sí òsì. Bàtà tuntun rẹ̀ ló wá gbà. Ó wọ̀ ọ́, ó dìde, ó ní ó bá òun mu, kí wọ́n bá òun dì í.

"Ẹ má tíì lọ," Má-tíì-lọ wí.

"Bàbá, ó di ọdún mẹ́jọ tẹ́ ẹ ti ń rán bàtà fún mi. Ẹ ti mọ ẹsẹ̀ mi."

"Ẹsẹ̀ yín ni mo mọ̀. Bàtà yìí ni mi ò tíì mọ̀. Ẹ rìn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì rìn. Ó lọ, ó bọ̀. Nígbà tó di ìkẹrin, Má-tíì-lọ gbé ọwọ́ sókè. Ó ti rí i pé gìgísẹ̀ ọ̀tún ń yọ díẹ̀ bí obìnrin náà ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ó gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gé awọ pẹlẹbẹ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gọ̀ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn inú rẹ̀.

Àǹtí Oníwèé dúró tòun ti ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan. Ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò báyìí.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Linux ni mo ń fi sí i." Inú Ọ̀gá-Ẹ̀rọ dùn pé ẹnì kan bi òun. "Èyí ni mo máa tẹ̀ báyìí. Á nu gbogbo inú ẹ̀ mọ́, á wá gbé tuntun kalẹ̀."

"Linux dáa. Òun là ń lò ní ilé ìkàwé. Ṣé ẹ ti kó fáìlì inú ẹ̀ pamọ́ síbòmíràn?"

"Ẹ̀gbọ́n ti kó o."

"Èmi kẹ̀?" Má-tíì-lọ gbójú sókè. "Ṣebí ìwọ lo máa kó o."

"Mo rò pé ẹ ti kó o kí n tó dé ni."

"Kí ni mo mọ̀ nípa fáìlì kíkó? Mo rò pé bó o bá yí i padà, inú ibẹ̀ náà ló ṣì máa wà."

Gọ̀ọ̀mù ń kán sílẹ̀ láti ara búrọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ Má-tíì-lọ, kò mọ̀. Ìka Ọ̀gá-Ẹ̀rọ ṣì wà lókè bọ́tìnnì.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀," Àǹtí Oníwèé wí jẹ́jẹ́.

Ó gbé e kúrò.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ló kọ́kọ́ sọ sí Má-tíì-lọ lọ́kàn. Ìwọ̀n ọdún mẹ́fà, ibì kan ṣoṣo ló sì wà láyé yìí. Ó jókòó. Ẹ̀rù tó bà á ju ti ọjọ́ onífọ́tò lọ, nítorí pé lọ́tẹ̀ yìí kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é.

Àǹtí Oníwèé ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, kí wọ́n yọ fíláàṣì, kí wọ́n tún un tàn. Ètò àtijọ́ padà yọ. Fódà ìwọ̀n wà níbẹ̀ digbí. Má-tíì-lọ ní kí wọ́n ṣí ti ọmọ náà kí òun fojú ara òun rí i. Wọ́n ṣí i, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ohun tá a máa kọ́kọ́ ṣe nìyí," Àǹtí Oníwèé wí. "A máa kó gbogbo ẹ̀ sínú díìsìkì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, a tún máa kó o sínú fíláàṣì kan. Ọ̀nà méjì. A máa gbé ọ̀kan kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù yìí pátápátá. A ó wá ṣí ohun tá a kó, ká rí i pé ó ṣí lóòótọ́. Ká tó ṣe ìyẹn tán, kẹ́nikẹ́ni má nu nǹkan kan."

"Bá a bá ṣe ìyẹn tán ńkọ́? Linux wo ló dáa jù?" Má-tíì-lọ bi í.

Obìnrin náà wò ó. "Bàbá, bàtà wo ló dáa jù?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Fún ẹsẹ̀ ta?"

"Hẹn-ẹ́n."

Ó yé e. Kò wù ú kó yé òun, àmọ́ ó yé e.

"Bí ènìyàn bá wá rán bàtà," Àǹtí Oníwèé ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "kí lẹ kọ́kọ́ máa ń bi í?"

"Mo máa bi í pé ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Ṣé iṣẹ́ ìdúró ló ń ṣe ni àbí ti ìrìn. Mo máa wo ẹsẹ̀ ẹ̀."

"Ó dáa. Ta ló ń lo kọ̀ǹpútà yìí?"

"Ìyàwó mi."

"Ṣé ẹ ti bi wọ́n?"

Má-tíì-lọ wo àbúrò ìyàwó rẹ̀, àbúrò ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀. "Hùn" ọjọ́sí padà dún sí i létí ketekete. Ojú tì í. Láti ìgbà tó ti ń rán bàtà, kò gé awọ fún ẹsẹ̀ tí kò fojú rí, òun náà ló wá fẹ́ gbé ètò ògidì lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ láìjẹ́ kó fọwọ́ kàn án wò.

Ìlẹ̀kùn tún ṣí. Ìyàwó rẹ̀ ló wọlé tòun ti okùn. Ó wo ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," ọkọ rẹ̀ wí. "Wá jókòó. Wọ́n fẹ́ wọn ẹsẹ̀ rẹ."

Àǹtí Oníwèé fi bí ogún ìṣẹ́jú bi obìnrin náà léèrè ọ̀rọ̀. Kí ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣe? Ó ní òun ń tẹ ìwọ̀n sínú àtẹ, òun ń tọ́jú àwòrán ẹsẹ̀, òun ń tẹ̀ wọ́n jáde, òun sì ń ka lẹ́tà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti ọsibítù.

"Nígbà míì, mo máa ń gbọ́ orin. Ẹ má sọ fún un."

"Mo ń gbọ́ ọ," ọkọ rẹ̀ wí.

"Kí lẹ fẹ́ràn jù nínú èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò báyìí?"

"Pé mo mọ ibi tí nǹkan wà. Mo máa tẹ ìsàlẹ̀ lápá òsì, ohun tí mo fẹ́ á yọ. Fódà á sì jọ fódà. Ogójì ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi yìí ń wí yẹn, oníbàárà ti máa lọ kí n tó rántí ìkẹta."

Ọ̀gá-Ẹ̀rọ fajú ro díẹ̀. "Ẹ̀yà tó rọrùn bẹ́ẹ̀ wà. Àmọ́ ti àwọn ọmọdé ni."

"Èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò kò burú," Àǹtí Oníwèé dá a lóhùn. "Ó bá yín mu. Bó bá dàrú, ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa tò ó padà, ó tiẹ̀ ń dùn mọ́ yín. Iṣẹ́ míì ni ẹ̀gbọ́n yín ń ṣe. Bàbá, ṣé bàtà tó rọrùn láti wọ̀, ti ọmọdé ni?"

"Bàtà tó rọrùn láti wọ̀ ló ṣòro rán jù," Má-tíì-lọ wí. Ó mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Wọ́n kó fáìlì náà ní ọ̀nà méjì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ìyàwó Má-tíì-lọ gbé díìsìkì kékeré náà lọ sílé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Àǹtí Oníwèé mú fíláàṣì méjì wá, ẹ̀yà Linux kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí ìkànnì àwọn tó ni wọ́n gan-an ló ti gbà wọ́n wálẹ̀. Ó ṣàlàyé pé àwọn ẹ̀yà tó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ènìyàn lo àwọn láti inú fíláàṣì lásán. Wàá tàn án, wàá lò ó, wàá pa á, kọ̀ǹpútà rẹ á sì wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tó máa nù níbẹ̀ àyàfi tó o bá fọwọ́ ara rẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ pé kó gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ.

"Kápẹ́ẹ̀tì nìyẹn," Má-tíì-lọ wí.

"Kápẹ́ẹ̀tì náà ni."

Èyí àkọ́kọ́ rẹwà. Àwòrán inú rẹ̀ ń dán, fèrèsé rẹ̀ ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, bí ìyàwó Má-tíì-lọ bá sì tẹ nǹkan kan, ó lè ká ọwọ́ lẹ́rán kó tó ṣí. Àǹtí Oníwèé yọ ọ́. Ó ní ètò náà kò láìsàn, mẹ́mórì ẹ̀rọ wọn ló kéré fún un.

Linux Mint ló wà nínú ìkejì, èyí tí wọ́n fi ojú ìṣiṣẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ tó ń jẹ́ Xfce sí. Wọ́n ní kí ìyàwó jókòó sídìí rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ó wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé máòsì lọ sí ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ètò tó wà níbẹ̀ tò wálẹ̀. Ó wá àtẹ ìwọ̀n kàn, ó ṣí i, ó ṣí àwòrán ẹsẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ orúkọ ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi hàn án. Obìnrin náà gbé ara lé ẹ̀yìn àga, ọkọ rẹ̀ sì rí i.

Ó tẹ àwòrán ẹsẹ̀ òsì ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà jáde. Má-tíì-lọ gbà á, ó gbé rúlà lé e.

"Ó kéré."

"Kò lè kéré," Ọ̀gá-Ẹ̀rọ wí.

Ó tún un wọ̀n. Mìlímítà mẹ́sàn-án ló fi dín. Bí wọ́n bá fi ìwé yẹn gé awọ, ìka ẹsẹ̀ ọmọ náà ò ní rí ibi gbà. Ọ̀gá-Ẹ̀rọ sún àga mọ́ ìdí kọ̀ǹpútà. Ó wá ibi ètò ìtẹ̀wé, ó yẹ ibẹ̀ wò láti òkè délẹ̀, ó sì rí i: wọ́n ti ní kó máa fún àwòrán pọ̀ kó lè gba ojú ìwé. Ó yí i padà sí bó ṣe tóbi gan-an. Wọ́n tún un tẹ̀. Má-tíì-lọ wọ̀n ọ́n, ó bá a mu ṣíṣẹ́.

"O ṣeun, àna mi," ó wí. Inú rẹ̀ dùn sí i tọkàntọkàn, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́.

"Ṣé ká wá gbé e kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ báyìí?" Ọ̀gá-Ẹ̀rọ bi wọ́n.

"Gbé e kalẹ̀," Má-tíì-lọ wí.

"Ẹ má tíì lọ," ìyàwó rẹ̀ wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Ìgbà kan ṣoṣo ni mo ṣì rìn ín. Ẹ jẹ́ n lò ó láti inú fíláàṣì títí di Ọjọ́rú. Bó bá ta mí lẹ́sẹ̀, mo máa sọ."

Àǹtí Oníwèé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ọ̀rọ̀ Má-tíì-lọ ni, ẹnu ẹlòmíràn ló kàn ti padà bá a.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyá ọmọ náà wá tòun ti ọmọ. Ìyàwó Má-tíì-lọ tẹ ìwọ̀n ọdún mẹ́fà jáde fún wọn, ojú ìwé méjì, oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kò sí ìkankan tó sọnù. Má-tíì-lọ ní kí ọmọ náà rin kápẹ́ẹ̀tì kó tó lọ. Ó rìn ín lẹ́ẹ̀mejìlá, ó ní méjì yẹn ẹ̀bùn ni.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù dún. Dókítà ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàtọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì kò tíì kúrò lójú kan láti ọdún méjì. Ó ní iṣẹ́ abẹ kò tíì kàn, kí ọmọ ṣì máa wọ bàtà rẹ̀ lọ. Má-tíì-lọ gbé fóònù sílẹ̀, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Omi bọ́ lójú aránbàtà, ó ní gọ̀ọ̀mù ló fà á.

Ní Ọjọ́rú, ìyàwó ní ó bá òun mu. Ọ̀gá-Ẹ̀rọ ló gbé e kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Nígbà tó dé ibi bọ́tìnnì tó máa nu ti àtijọ́ mọ́, ó yíjú sẹ́yìn. "Sìsítà mi, ṣé fáìlì yẹn wà nílé? Ṣé ẹ ṣí i wò láàárọ̀? Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?" Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, bí kọ̀ǹpútà yín bá ń kìlọ̀ pé ètò òun ti darúgbó, ẹ má máa pa ìkìlọ̀ náà dé bí Má-tíì-lọ àti onífọ́tò ṣe ṣe. Linux lè fún ẹ̀rọ àtijọ́ ní ẹ̀mí gígùn, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ kó fáìlì yín pamọ́ sí ibi méjì, kí ọ̀kan má sí nínú ilé tí ẹ̀rọ náà wà. Ẹ ṣí wọn wò. Ẹ má gbà pé ẹlòmíràn ti bá yín kó o.

Ẹ má béèrè ẹ̀yà tó dára jù lọ. Ẹ béèrè ẹni tó máa lò ó, ohun tó máa fi ṣe, àti bí ẹ̀rọ náà ṣe lágbára tó, kí ẹ sì bi ẹni náà fúnra rẹ̀. Linux Mint, Ubuntu àti Zorin OS wà lára àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ojú wọn kò ṣàjèjì, wọ́n máa ń rí àtúnṣe ààbò gbà fún ọdún púpọ̀, àwọn tó ń lò wọ́n sì pọ̀ tí ẹ lè bi léèrè. Bí ẹ̀rọ yín bá ti pẹ́, ẹ wá èyí tó fúyẹ́ nínú wọn, bíi Mint tó ní Xfce. Àwọn bíi Arch àti Kali ní iṣẹ́ tiwọn àti àwọn tí wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́. Orí ìkànnì àwọn tó ṣe é nìkan ni kí ẹ ti gbà á wálẹ̀.

Ẹ lò ó láti inú fíláàṣì fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ rántí pé àyípadà tí ẹ bá ṣe sí ètò náà lórí fíláàṣì lè má dúró bí ẹ bá pa á, nítorí náà ẹ máa tọ́jú iṣẹ́ yín sínú díìsìkì mìíràn. Ẹ dán íńtánẹ́ẹ̀tì wò, ẹ dán ohùn wò, ẹ tẹ ìwé jáde, kí ẹ sì wọn ohun tó jáde bí ìwọ̀n bá ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ yín. Bí ètò kan bá wà tí iṣẹ́ yín kò lè ṣe láìsí i, tí kò sì ṣiṣẹ́ lórí Linux, ẹ má nu ti àtijọ́ mọ́ o. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ lọ sí ilé ìkàwé tàbí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó wà nítòsí yín, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yín, tí ìka rẹ̀ wà lókè bọ́tìnnì tó máa nu inú rẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ àna yín, ẹ̀yin náà ẹ sọ fún un pé kó má tíì lọ.